Ta Ló Ṣì Í Pè? Àríwísí Lórí Orúkọ Ọdún Nínú Eré Wa

Àríwísí ni wọ́n ní kí n kọ, wọn ò ní kí n wá pọ́n ẹnikẹ́ni lé, nítorí náà kí kálukú di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó tó sẹ́mẹ́sítà mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ṣàkíyèsí ohun kan nínú àwọn eré àti ìtàn tí à ń kà fún ara wa nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí òǹkọ̀wé bá ti fẹ́ kí èrò rẹ́rìn-ín, tí ọgbọ́n sì ti tán nínú rẹ̀, yóò mú ìyá kan wọlé láti ọjà Àpòmù. Gèlè ìyá náà yóò ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò la ẹnu, yóò ní, “Hápì Kírísímáàsì o!” Ó parí. Ẹ̀rín bẹ́, wọ́n ń na tábìlì. Bí kì í bá ṣe Kérésìmesì, Ísítà ni. Bí kì í bá ṣe Ísítà, Falẹ́ntáìnì ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé bàbá ẹlẹ́mu ni òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́nu.

Ó ń pa ni lẹ́rìn-ín, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé ta gan-an ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, àti pé ṣé ẹni yẹn ló ṣì í pè lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú eré tí a fi kádìí sẹ́mẹ́sítà tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wádìí. Eré náà lágbára. Ibi tí bàbá ti ń ka owó tó ná sórí ọmọ náà láti àárọ̀ ọjọ́, tí ó ń fi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kà á, èmi ò rí irú rẹ̀ rí lórí ìtàgé wa. Ìtàn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ka Gẹ̀ẹ́sì jáde ní yunifásítì mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láti Èkó wá sílé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, ata àti epo pupa ṣe, tí ó ń tà á fún èrò ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ìyá nu ọwọ́ epo sára ìró, ó sáré jáde, ó ní, “Hápì Kírísímáàsì, ìyàwó mi!” Ojú ti ọmọ. Ó ní, “Màámi, kì í ṣe Kírísímáàsì. Krist-mas ni. Ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé mi: Krist, mas.” Ó mú ìyá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àfẹ́sọ́nà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí ọmọ náà sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu kì í kan t tó wà nínú Christmas. Bó ṣe wà nínú castle, listen àti whistle náà ni: wọ́n ń kọ ọ́, wọn kì í pè é. Christ tó dá dúró ni a ti ń gbọ́ t, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì gùn. Ní kété tí wọ́n bá ti lẹ mas mọ́ ọn, fáwẹ̀lì náà á kúrú, t á sì bọ́ sọnù. Sílébù àkọ́kọ́ ló wúwo, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fáwẹ̀lì gidi kan nínú. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń fi ìpè hàn, ẹ ṣí èyí tó bá wù yín, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyẹn. Ó wá túmọ̀ sí pé ọmọ tó ka Gẹ̀ẹ́sì jáde ló ṣì í pè, ó sì tún fipá mú ìyá tó bí i kó ṣì í pè bíi tòun. Ìyàwó láti Èkó kò mọ̀. Òǹkọ̀wé kò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ nínú gbọ̀ngán, bí wọ́n bá wà, wọ́n dákẹ́.

Ẹ wá wo ti ìyá. Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra láìsí fáwẹ̀lì láàárín, kì í sì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí kọ́ńsónáǹtì. Ìdí nìyẹn tí a fi ki fáwẹ̀lì bọ àárín k àti r, tí a ki òmíràn bọ àárín s àti m, tí a sì fi ọ̀kan dé e nídìí. Kérésìmesì. Sílébù márùn-ún, gbogbo wọn ń mí dáadáa. Ṣùgbọ́n níbo ni t wà nínú rẹ̀? Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i. Bó bá jẹ́ pé inú ìwé ni àwọn baba wa ti kó ọ̀rọ̀ yìí, t ì bá wà níbẹ̀, à bá máa pè é ní Kérésítímásì tàbí ohun tó jọ ọ́. Inú Bíbélì ni a ti bá Kristi, t rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbọn-in. Kérésìmesì ní tiẹ̀, láti ẹnu sí etí ló gbà wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ gbọ́ ọ dáadáa, ó mú ohun tó gbọ́, ó wọ̀ ọ́ láṣọ Yorùbá, ó ń lò ó lọ.

Wednesday ńkọ́? Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í pe d àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn ìyá wa tó ń sọ pé “Wẹ́sìdeè” ti ju d yẹn nù kí wọ́n tó bí èmi àti ẹ̀yin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ pé Wed-nes-day, sílébù mẹ́ta gbáko, òun ló padà lọ ṣa á nínú ìwé. Bí a bá ní ká fi etí wọ̀n ọ́n, ìyá tí kò ka ìwé sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan. Kó dùn wọ́n.

Èyí ni mo ṣe ní eré yẹn já mi kulẹ̀. Òǹkọ̀wé wa ní ohun ńlá lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kó bọ́. Ẹ wò ó bí ìbá ti rí ká ní ó mọ̀: ọmọ ń kọ́ ìyá ní àṣìṣe, ìyá sì ń tẹ̀ lé e nítorí pé ó gbà pé ọmọ òun mọ̀wé. Ká ní àfẹ́sọ́nà mọ̀, tí ojú ń tì í nítorí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ìran yẹn ì bá mú gbọ̀ngán dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rín ì bá ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa há sí àwọn kan lọ́fun. Dípò ìyẹn, a rí ẹ̀rín ọ̀fẹ́ gbà, a sì lọ sílé.

Ohun mìíràn tún wà. Kí ló dé tó fi ń jẹ́ ìyá ọjà Àpòmù ní gbogbo ìgbà? Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọjà Àpòmù ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé nígbà náà lọ́hùn-ún. Ẹ fojú inú wo ariwo ọjà yẹn! Ẹnì kan ń pe ọ̀rọ̀ báyìí, ẹlòmíràn ń pè é báyẹn, wọ́n sì ń ra, wọ́n ń tà. Bí ibì kan bá wà tí wọ́n ti mọ̀ pé ahọ́n ò dọ́gba, ibẹ̀ ni. Ọjà kan náà ni wọ́n ní ìjà tó di ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nítorí ìpè ṣá o.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tí mò ń sọ tipẹ́. Nínú The Lion and the Jewel, tí Ṣóyínká kọ, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1959, ta ni à ń fi rẹ́rìn-ín? Lákúnlé tíṣà ni, ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàgẹ̀rẹ̀ fẹ́ ọmọge. Kì í ṣe Baroka tí kò lọ sílé ìwé, Baroka ló sì gbé Sidi lọ níkẹyìn. Nínú The Trials of Brother Jero, bí ẹ̀mí bá ti gbé Chume, Gẹ̀ẹ́sì pọ́nbélé á fi í sílẹ̀, pijin á gba ẹnu rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ìyípadà yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Amos Tutùọlá gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, ojú ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé níbí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn máa jẹ́ kí òyìnbó fi wá ṣẹ̀sín. Ìwé náà ṣì wà, à ń kà á ní kíláàsì. Ken Saro-Wiwa ní tiẹ̀ kọ ọ́ sára èèpo Sozaboy ní 1985 pé Gẹ̀ẹ́sì jíjẹrà ni òun fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé yẹn dé òpin, ẹ̀rín kọ́ ló máa wà lójú rẹ̀. Àní Zebrudaya pàápàá, tí Chika Okpala ń ṣe nínú New Masquerade lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í lọ́ lọ́rùn, ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́, orí rẹ̀ ò wọ́. Ìyá tiwa tó ń sọ Kírísímáàsì, orí rẹ̀ dà? A kì í fún un ní ọ̀kan. Ó máa kí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó máa wọlé lọ gbé oúnjẹ wá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí oníkálukú máa pe Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wù ú. Nígbà tí ìyá ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ Yorùbá, tó ní “Kérésìmesì ti dé,” Yorùbá ló sọ, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fi àmì ìfàtọ̀rọ̀ sí i bí ẹni fi ìka tọ́ ọ fẹ́ bú u ni. Ṣùgbọ́n bí èmi bá gba máíkì tí mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ sọ, ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì náà. Èdè ni, ó ní òfin tirẹ̀ bí tiwa ṣe ní ohùn.

Orúkọ ọdún sì kún fún pàkúté. L inú Palm Sunday kì í dún. Ash Wednesday, àwa tí ẹ̀ka èdè ilé wa máa ń sọ ṣ di s, a máa ń sọ ọ́ di As, bẹ́ẹ̀ ṣ wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa gan-an, a ò lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá dẹ́rù bà wá. V kò sí ní Yorùbá, ìyẹn ló bí Falẹ́ntáìnì. Ti ẹni tó ń fi m parí Valentine, tó ń sọ ọ́ di Valentime, kò kan Yorùbá rárá, nítorí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ayé náà ń ṣe é. Th inú Thursday kò sí lẹ́nu wa, t la fi ń rọ́pò rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi f rọ́pò tiwọn, àmọ́ wọn ò kọ eré fi bú ìyá wọn. H wá ni baba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé h sọnù níbi tó wà, bíi nínú Happy New Year, a máa ṣèèṣì rí i he níbi tí kò sí, yóò wá kí wa pé “Appy Heaster”. Ọ̀rọ̀ h yìí, ẹ fi sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí ohùn ti ń wúwo tún wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń fi wá hàn jù. Nínú Boxing Day, Box ló wúwo. Nínú Christmas Day, Day ló wúwo. Ọdún méjì tó tẹ̀ léra, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Nínú Democracy Day, sílébù kejì, mo, ló yẹ kó wúwo. Látìgbà tí wọ́n sì ti kéde ní 2018 pé ọdún yẹn yóò kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ní ìrántí ìbò 1993, wàhálà mìíràn tún ti dé, ìyẹn twelfth. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: f àti th lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́yìn l. Mo gba ẹni tó ní June Twelve láyè, jàre.

A ti kọ́ gbogbo èyí, a kúkú ti kọ́ ọ. JAMB ń bèèrè rẹ̀: ọ̀rọ̀ wo ló bá èyí mu ní ìró, sílébù wo ló wúwo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n A, B, C tàbí D la ń yàn, ẹnu ò là. Èèyàn lè gba gbogbo máàkì tó wà nídìí ìpè láìpe ohunkóhun. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan nínú wa mọ̀ lórí ìwé pé t ò dún nínú Christmas, kí wọ́n sì máa pè é lójoojúmọ́.

Àti pé ó níye tó yẹ kéèyàn dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bánjọ, tó ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1971 níbi tó ti pín Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Nàìjíríà ń sọ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìkíní ni èyí tí èdè abínibí ti bò mọ́lẹ̀ débi pé àjèjì kò ní gbọ́ ọ yé. Ìkẹrin ni èyí tó bá ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba pátápátá. Ẹ máa rò pé ìkẹrin ló ní ká mú. Rárá o. Ìkẹta ló mú, èyí tí ará ilé gbà, tí ará òde sì gbọ́. Ìkẹrin, àwọn èèyàn wa ń wò ó bí àṣejù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fónẹ́ kiri ọgbà, tí ẹ ń fi imú sọ Merry Christmas bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí yín láti 1971.

Apá kan tún wà tí kò sí ẹni tó ń fi ṣe eré rárá. Iléyá. Ìjọba àpapọ̀ a máa kéde ìsinmi rẹ̀ ní Eid-el-Kabir, ìwé ìròyìn mìíràn a kọ ọ́ ní Id-el-Kabir, òmíràn a ní Sallah, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Haúsá. Èwo ni ìpè tó tọ̀nà ní Gẹ̀ẹ́sì? Ọwọ́ ta la ti fẹ́ gbà á? Lárúbáwá ló ni ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀, ààlè ọ̀fun ló ti ń jáde, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní in. Yorùbá náà ò ní in, ṣùgbọ́n a wá nǹkan ṣe sí i: a ní pápá Yídì. Y yẹn la fi dípò rẹ̀. Iléyá fúnra rẹ̀, àwọn kan ní “ilé yá” ni, pé ó ti tó àkókò ká lọ sílé. Haúsá sì ń pe ẹran pípa ọjọ́ náà ní layya, ẹ fetí sí i kí ẹ gbọ́ bó ṣe jọ tiwa tó. Akàròyìn tó bá ṣi Eid pè lórí rédíò, kò sí ẹni tó ń yọ ṣùtì sí i. Ọdún òyìnbó nìkan ni a ń fi àṣìṣe rẹ̀ wọn èèyàn wò.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí ní ìsinmi tirẹ̀. Ní 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde ìsinmi Hijrah, ọdún tuntun àwọn Mùsùlùmí. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ sì ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún ní 2023. Mo wà níbi ètò kan tí atọ́kùn, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, gba máíkì tó ní a kí wa kú Ọjọ́ “Ìṣẹ́ṣẹ́”. Ìṣẹ́! Ó mú òṣì wọ inú ọdún àwọn baba rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ní kó sọ ọ́ tẹ̀ lé òun lẹ́ẹ̀mẹta. Atọ́kùn kan náà yẹn, bí ìyá ẹlẹ́pà bá sọ Kírísímáàsì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, ẹ mọ ohun tó máa ṣe.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń kọ ìran ọdún. Yorùbá ò nílò orúkọ ọdún kó tó kí ni. “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún,” ó tó. Nínú ilé tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ń lọ Yídì, tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, irú èyí tó kún Ìkirè àti Àpòmù, kíkí kan náà ló ń sin gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ní dandan ni kéèyàn dárúkọ ọdún: Happy eléyìí, Merry tọ̀hún. Nígbà tí ìyá inú eré sáré jáde tó ní Hápì Kírísímáàsì, ó fi kíkí tirẹ̀ sílẹ̀ lọ mú kíkí ẹni tó dé, nítorí kí àlejò lè mọ̀ pé wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìran yẹn gan-an ni mo ń wá nínú eré wa, èmi ò tíì rí i.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ṣá o. Ìtàn kan wà tí ọmọ ọdún kìíní kan fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ìyá àgbà kan ní Ìkirè gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀la ni Boxing Day. Ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ni Bọ́síndeè. Ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Ìyá àgbà ní ó dára, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́fà nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Ó ní ìjọba ti fún wọn láyè, ọjọ́ ìjà ni òní, kí wọ́n bọ́ síta kí wọ́n jà á tán. Wọ́n bọ́ agbádá. Wọ́n dúró. Ẹ̀gbọ́n wo orí àbúrò, ó rí i pé ewú ti bò ó, kò sì mọ ìgbà tó hù. Ní ìpínrọ̀ kejì ìtàn náà, òǹkọ̀wé ti kọ́kọ́ fi àpótí kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, a sì gbàgbé rẹ̀ títí dìgbà tí ìyá gbé e jáde. Ẹni tó mọ̀ pé àpótí ẹ̀bùn ni àwọn òyìnbó fi sọ ọjọ́ náà ní Boxing Day, pé kò kan ẹ̀ṣẹ́, máa rí i pé ìyá àgbà tó ṣì í gbọ́ ló padà ṣe ọjọ́ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Òǹkọ̀wé ò ṣàlàyé rẹ̀. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ò ju pé àdúrà tó fi parí rẹ̀ gùn; ìpínrọ̀ méjì tó kẹ́yìn yẹn, kó gé wọn kúrò. Ẹ tún wo bó ṣe kọ Bọ́síndeè: ó fi àmì ohùn sórí rẹ̀, kò fi àmì ìfàtọ̀rọ̀ há a mọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé ní kó wá ka ìtàn náà sókè, ó ní ká jọ̀wọ́ bá òun fún ẹlòmíràn. Wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń fónẹ́, ó kà á bí ẹni ka ìròyìn, gbogbo ibi tó yẹ kéèyàn ti mí ló fò kọjá. Mo bá ọmọ náà lẹ́yìn gbọ̀ngán, mo bi í léèrè ohun tó dé. Ó ní òun wà níbi eré ìparí sẹ́mẹ́sítà yẹn, òun gbọ́ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín ìyá dòdò. Ó ní òun máa ń já h, nígbà mìíràn òun sì ń he é, pé ìyá òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà wà ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé èyí. A ó tún kà á ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ń na ọwọ́ pé òun ni yóò kà á, kó kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe ń pe Bọ́síndeè, kó sì jẹ́ kó sọ ọ́ létí òun lẹ́ẹ̀mẹta.